Aaron Dennison: Ọmọ aṣebàtà tó jẹ́ kí aago àpò Amẹ́ríkà ṣeé tún ṣe títí dòní

Ẹni tó bá gbé aago tó ti kú lọ bá àwọn atúnaagoṣe ní Grand Marché, ọjà tó tóbi jù lọ nílùú Niamey lórílẹ̀-èdè Niger, ọ̀rọ̀ kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹyọ: ṣé páàtì rẹ̀ ṣì wà? Bí páàtì bá wà, aago á jí. Bí kò bá sí, ọ̀ṣọ́ lásán ló dà.

Ọ̀rọ̀ páàtì yìí náà ni ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ wá ojútùú sí, ní nǹkan bíi ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni Aaron Lufkin Dennison. Àwọn tó mọ ìtàn aago máa ń pè é ní baba iṣẹ́ aago ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Òun wà lára ìdí tí aago àpò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí bàbá wa àgbà fi ṣì lè padà máa ká wákàtí, tí ọkọ ìyàwó òde òní fi lè so ó mọ́ wéskóòtù pẹ̀lú ṣéènì, kó sì máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́, kì í ṣe fún ẹwà nìkan.

Síbẹ̀, iléeṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n lé e kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ àjèjì ló sì kú sí.

Ta ni Aaron Dennison?

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, ọdún 1812 ni wọ́n bí i nílùú Freeport, ní agbègbè tó ń jẹ́ ìpínlẹ̀ Maine lónìí, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà.

Bàtà ni bàbá rẹ̀, Andrew Dennison, ń ṣe, ó sì tún máa ń kọ́ àwọn èèyàn lórin. Ilé wọn kì í ṣe ilé ọlọ́rọ̀. Láti kékeré ni Aaron ti ń ṣiṣẹ́ kí nǹkan lè rọrùn nílé. Ó ru bíríkì fún àwọn mọlémọlé, ó da ẹran, ó la igi, ó sì jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí bàtà.

Nídìí bàtà yìí ni òye tó máa sọ ọ́ di èèyàn ńlá ti kọ́kọ́ yọjú. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ni pé aṣebàtà á parí bàtà kan pátápátá kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọmọ náà dá a lábàá pé kí wọ́n máa ṣe ọ̀pọ̀ pa pọ̀: kí wọ́n gé awọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó bọ́ sórí rírán. Ọwọ́ á yá, bàtà á sì jọra.

Lọ́dún 1830, nígbà tó pé ọmọ ọdún 18, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ James Cary, oníṣẹ́ aago kan nílùú Brunswick, ní Maine. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Lọ́dún 1833, ó gba Boston lọ, ó sì ń bá àwọn tó ń ta wúrà àti aago ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ àtúnṣe ló gbájú mọ́.

Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí àṣírí inú aago.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe aago kó tó dé?

Lásìkò yẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Switzerland ni ọ̀pọ̀ aago àpò tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ti ń wá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹnì kan á ṣe àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín kéékèèké, ẹlòmíràn á ṣe sípíríǹgì, ẹlòmíràn á ṣe ojú aago, onílé tó kẹ́yìn á wá kó gbogbo rẹ̀ jọ, á sì máa fi fáìlì họ wọ́n títí tí wọ́n á fi wọ ara wọn.

Iṣẹ́ ọnà gidi ni, ṣùgbọ́n ó ní àléébù ńlá kan. Páàtì aago kan kì í wọ aago kejì, kódà bó jẹ́ pé ọ̀gá kan náà ló ṣe méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà.

Nítorí náà, bí eyín kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo bá kán, atúnaagoṣe gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ro òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn máa ń gba àkókò, ó máa ń gba owó, ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ṣe kò sì sí níbi gbogbo. Olówó nìkan ló lè ra aago, olówó náà ló sì lè tún un ṣe.

Dennison tó ń tú aago lójoojúmọ́ rí ohun mìíràn pẹ̀lú. Ó rí i pé àwọn aago tí wọ́n ń fi orúkọ ńlá tà pàápàá máa ń ní iṣẹ́ àṣìṣe nínú, níbi tí ojú oníbàárà kò lè dé. Ó wá ń rò ó pé bí ọwọ́ èèyàn bá lè yẹ̀, ẹ̀rọ tó bá ti gbé e dáadáa lẹ́ẹ̀kan kò ní yẹ̀.

Ohun tó kọ́ lára ìbọn

Ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ tó ń dà á láàmú wà nílé iṣẹ́ ìbọn ìjọba Amẹ́ríkà tó wà nílùú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts.

Níbẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gé àwọn ẹ̀yà ìbọn, wọ́n sì ń fi ohun ìwọ̀n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbà á wọlé. Bí ẹ̀yà ìbọn sójà kan bá bàjẹ́ lójú ogun, wọ́n kàn máa mú òmíràn láti inú àpótí ni, á sì wọ̀ ọ́.

Dennison bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí aago kò fi lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé kò lè ṣeé ṣe. Ẹ̀yà ìbọn tóbi, bó bá fi díẹ̀ yàtọ̀, ìbọn á ṣì yìn. Ní ti aago, ohun tó kéré sí fífẹ̀ irun orí tó láti mú kó dúró. Àwọn kan ní Boston tilẹ̀ gbà pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Kò dákẹ́. Ó ṣe ohun ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí sípíríǹgì aago ṣe nípọn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, kí oníṣẹ́ kan ní ìlú kan lè béèrè fún irú èyí tó fẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìsí àríyànjiyàn. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀: kí páàtì tó lè pààrọ̀ ara wọn, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n kan náà wọ̀n.

Lọ́dún 1844, ó tún bẹ̀rẹ̀ okòwò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn ṣíṣe àwọn páálí kékeré tí àwọn tó ń ta wúrà ń kó ọjà wọn sí. Bàbá rẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, Eliphalet, nítorí pé aago ló wà lọ́kàn rẹ̀. Iṣẹ́ páálí tó fi sílẹ̀ yìí ló dàgbà di iléeṣẹ́ ńlá tó darapọ̀ mọ́ Avery lọ́dún 1990, tó ń jẹ́ Avery Dennison báyìí, tó ń ṣe lébẹ́ẹ̀lì káàkiri àgbáyé.

Èyí tó fi sílẹ̀ ló sọ ẹbí di ọlọ́rọ̀. Èyí tó dì mú ló sọ ọ́ di onígbèsè.

Roxbury, àti eruku tó lé wọn kúrò

Lọ́dún 1849, Dennison rí ẹni tó gbà á gbọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Edward Howard, tóun àti David Davis jọ ń ṣe aago ògiri àti òṣùwọ̀n. Samuel Curtis ló mú owó wá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún dọ́là (20,000).

Dennison rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún, kó sì ra àwọn ohun èlò tí kò sí nílé. Lọ́dún 1850, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ kan sí Roxbury, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boston. Wọn kò fẹ́ kí àwọn èèyàn tètè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, nítorí náà, wọ́n fún iléeṣẹ́ náà ní orúkọ tí aago kò sí nínú rẹ̀ rárá, Warren Manufacturing Company.

Nǹkan kò rọrùn. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè lọ rà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò tíì sí ẹni tó ṣe é rí níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ní láti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tó máa ṣe páàtì, kí wọ́n tó ṣe páàtì tó máa di aago.

Aago àkọ́kọ́ tí wọ́n dáwọ́ lé ni èyí tó yẹ kó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ bí wọ́n bá yí i lẹ́ẹ̀kan. Kò bọ́ sí i, àkókò rẹ̀ kì í dúró bó ṣe yẹ. Wọ́n pa á tì, wọ́n sì padà sí èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa yí lójoojúmọ́. Lọ́dún 1853, wọ́n ti ń ta aago fún ará ìta, wọ́n sì yí orúkọ padà sí Boston Watch Company.

Ọ̀tá mìíràn tún dìde, ìyẹn eruku. Ilẹ̀ Roxbury gbẹ, atẹ́gùn sì máa ń gbé iyẹ̀pẹ̀ wọ ojú fèrèsé wá sórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń rí ní Niamey á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún aago tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Dennison wá ibòmíràn títí tó fi rí ilẹ̀ kan létí odò Charles, nílùú Waltham, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́. Lọ́dún 1854, wọ́n kó lọ síbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni orúkọ Waltham ti di orúkọ aago.

Gbèsè dé, gbàǹjo tẹ̀ lé e

Iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n owó ń jò. Ohun tí wọ́n ń ná sórí ẹ̀rọ àti ilé pọ̀ ju ohun tí aago ń mú wọlé lọ. Lọ́dún 1857, iléeṣẹ́ náà wọ gbèsè, wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo.

Royal Robbins, oníṣòwò aago kan láti New York, ló rà á ní 56,500 dọ́là. Ilẹ̀, ilé, ẹ̀rọ, títí kan èrò tó ti inú orí Dennison jáde, gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ Robbins lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Howard ní tirẹ̀ padà sí ilé iṣẹ́ àtijọ́ ní Roxbury, ó sì ń fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe aago.

Dennison dúró sí Waltham. Robbins fi í ṣe alábòójútó iṣẹ́, ó sì ń gba owó oṣù nínú ilé tó jẹ́ pé òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òun àti àwọn tó ni owó kò wọ̀. Dennison ń wá ohun tuntun tó máa dán wò. Robbins ń wá èrè. Ní nǹkan bí ọdún 1862, wọ́n ní kó máa lọ.

Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé ìgbà náà gan-an ni èrè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1861, àwọn sójà sì ń wá aago tí kò wọ́n. Waltham ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní William Ellery tí ọwọ́ sójà lè tó, ó sì tà bí ọjà ọdún. Ààrẹ Abraham Lincoln pàápàá ní ọ̀kan, èyí tó wà nínú àkójọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian báyìí.

Nígbà tí owó ń wọlé ní Waltham, ẹni tó gbin igi náà ti wà níta.

Ṣé èrò rẹ̀ tiẹ̀ ṣiṣẹ́?

Kí òótọ́ má bàa sọnù nínú ìyìn, páàtì àwọn aago Waltham àkọ́kọ́ kì í pààrọ̀ ara wọn láìkù síbì kan. Àwọn oníṣẹ́ ṣì ń fi ọwọ́ tún ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe kó tó wọ̀. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn Dennison kí ohun tó rò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni ọ̀nà tó là. Àwọn kan kúrò ní Waltham lọ dá Elgin sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Illinois lọ́dún 1864. Hamilton bẹ̀rẹ̀ ní Pennsylvania lọ́dún 1892. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì rí iṣẹ́ nílé iṣẹ́ aago, nítorí pé ẹ̀rọ ti gba ibi tó jẹ́ pé ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ nìkan ló ń jókòó sí tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún 1876, Amẹ́ríkà ṣe ìpàtẹ ńlá kan nílùú Philadelphia láti sàmì ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira wọn. Waltham gbé ẹ̀rọ àti aago rẹ̀ lọ síbẹ̀. Jacques David, ẹnjiníà iléeṣẹ́ Longines láti Switzerland, wá wò ó. Ohun tó rí bà á lẹ́rù. Ó kọ ìròyìn gígùn ránṣẹ́ sílé láti kìlọ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé bí wọn kò bá gba ọ̀nà ẹ̀rọ, ọjà máa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Switzerland gbọ́ ìkìlọ̀ náà.

Rélùwéè náà tún ti iṣẹ́ náà síwájú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1891, ọkọ̀ ojú irin méjì forí sọ ara wọn ní Kipton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìtàn tí wọ́n sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé aago ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ aago rélùwéè lé Webb C. Ball, oníṣòwò aago ní Cleveland, lọ́wọ́. Ìlànà tó ti ara rẹ̀ jáde béèrè pé aago òṣìṣẹ́ rélùwéè kò gbọ́dọ̀ fi ju ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú aago àpò Amẹ́ríkà tó kù nílẹ̀ fi le bí irin. Iṣẹ́ ẹ̀mí ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Láti Zurich dé Birmingham

Dennison kò padà sídìí páálí. Lọ́dún 1864, òun àti A. O. Bigelow dá iléeṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Boston tí wọ́n ń pè ní Tremont. Èrò rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni pé kí wọ́n ṣe àwọn páàtì kan ní Switzerland, níbi tí owó òṣìṣẹ́ kò ti wọ́n, kí wọ́n sì ṣe ìyókù ní Amẹ́ríkà. Ó kó lọ sí Zurich láti bójú tó o.

Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn alájọṣepọ̀ rẹ̀ ní kí wọ́n máa ṣe gbogbo rẹ̀ nílé, wọ́n sì kó ilé iṣẹ́ lọ sí Melrose. Dennison kò fara mọ́ ọn, ó sì yọwọ́. Lọ́dún 1868, iléeṣẹ́ náà dojú dé.

Wọ́n ta ẹ̀rọ ibẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dennison sì bá ẹ̀rọ lọ. Lọ́dún 1871, wọ́n dá Anglo-American Watch Company sílẹ̀ nílùú Birmingham. Ìyẹn náà kò dúró sọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta, kò sì tíì rí iléeṣẹ́ aago kan tó jẹ́ tirẹ̀ títí.

Nígbà náà ló wá bọ́ sídìí ohun tó kéré lójú àwọn ẹlòmíràn. Ó fi ẹ̀rọ inú aago sílẹ̀, ó sì ń ṣe kéèsì, ìyẹn ilé fàdákà tàbí wúrà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ aago sí.

Iléeṣẹ́ tó lé e padà wá kan ilẹ̀kùn

Lásìkò yìí, Waltham ti ń ta aago káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ inú aago ló ń ti Amẹ́ríkà wá. Wọ́n nílò ẹni tó máa ṣe kéèsì fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tí wọ́n rí ni Dennison.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé iléeṣẹ́ tó ní kó máa lọ ní nǹkan bí ọdún 1862 wá di oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀rọ tó jẹ́ èrò ìgbà èwe rẹ̀ ń sọdá òkun wá wọ inú kéèsì tó jẹ́ iṣẹ́ ìgbà ogbó rẹ̀. Lónìí, bí èèyàn bá ṣí ìdérí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ aago àpò Waltham tí wọ́n tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ méjì ló máa rí: Waltham lára ẹ̀rọ, Dennison lára kéèsì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ni irú aago bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé ọkùnrin kan náà ló wà nídìí méjèèjì.

Iṣẹ́ kéèsì yìí ló dúró. Ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Franklin, ó sì pẹ́ ju ohun gbogbo tí bàbá náà ti dá sílẹ̀ nídìí aago lọ.

Kí ló kan ẹni tó fẹ́ so aago àpò mọ́ aṣọ òde lónìí?

Ní Èkó ayé àtijọ́, láàárín àwọn Sàró àti Àgùdà, kóòtù onípele mẹ́ta pẹ̀lú ṣéènì aago níwájú ikùn jẹ́ àmì ẹni tó ti dé ipò. Aago ọwọ́ gba ipò náà lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ ìyàwó àti àwọn tó fẹ́ràn aṣọ òde ti ń padà sí aago àpò, ọ̀pọ̀ sì ń wá èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe, dípò ayédèrú tó ń lo bátìrì.

Fún ẹni tó bá bá irú rẹ̀ pàdé láàárín ọjà tòkunbọ̀, yálà ní Niamey, ní Cotonou tàbí ní Ìbàdàn, iṣẹ́ Dennison ló máa ràn án lọ́wọ́ láti mọ ohun tó ń rà.

Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà. Lára ẹ̀rọ inú aago àpò Amẹ́ríkà, wọ́n sábà máa ń fín nọ́ńbà kan sí i. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń mọ nǹkan bí ọdún tí wọ́n ṣe é àti irú rẹ̀, kí wọ́n lè wá páàtì tó bá a mu. Nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ti kéèsì, nítorí pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ ra aago sábà máa ń yan ẹ̀rọ lọ́tọ̀, kó sì yan kéèsì lọ́tọ̀.

Ìkejì ni wúrà. Kì í ṣe gbogbo kéèsì tó ń dán bíi wúrà ló jẹ́ wúrà látòkè délẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ irin lásán tí wọ́n fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Bí wọ́n bá kọ iye ọdún kan sínú ìdérí, bíi 20 tàbí 25, ọdún tí oníṣẹ́ fọwọ́ sọ̀yà pé wúrà orí rẹ̀ kò ní ṣí ni. Ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ san owó wúrà gidi.

Ìkẹta ni títóbi. Èyí tí wọ́n ń pè ní 18 ni ti rélùwéè àtijọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àbọ̀, ó sì wúwo. Èyí tí wọ́n ń pè ní 12 kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló sì bá àpò wéskóòtù mu jù. Ṣéènì rẹ̀ ní irin kékeré kan lórí tí wọ́n ń gbà kọjá nínú ihò bọ́tìnì. Ẹni tó bá wọ agbádá lè fi sí àpò àyà, ṣùgbọ́n kó so ṣéènì mọ́ bùbá abẹ́ rẹ̀, kó má bàa já bọ́ nígbà tó bá ń ká apá agbádá sókè.

Ìkẹrin ni eruku àti òróró. Òróró inú aago tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún á ti gbẹ. Ẹni tó bá kàn yí i tó sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí irin máa họ irin. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi òróró tuntun sí i. Ní ìlú eléruku, kéèsì tí ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa mọ́ lè sọ gbogbo iṣẹ́ náà di asán láàárín ìgbà díẹ̀.

Àwọn atúnaagoṣe Grand Marché kò ṣàjèjì sí bíbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láti inú ohun tó ṣẹ́kù. Iná jó ọjà náà gan-an lọ́dún 1982, wọ́n sì tún un kọ́. Bí aago àpò Waltham tàbí Elgin bá dé iwájú irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní láti fi fáìlì ro kẹ̀kẹ́ tuntun bíi ti ayé ọjọ́un. Ohun tó máa wá ni ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò aago náà, èyí tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, tó sì lè yọ páàtì lára rẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí owó wúrà ṣe ń gòkè, àwọn kan ń yọ kéèsì wúrà kúrò, wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n sì ń da ẹ̀rọ inú rẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò. Gbogbo kéèsì tí wọ́n bá yọ́ lọ báyìí kì í padà wá mọ́.

Ikú rẹ̀ àti ohun tó kù

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kínní, ọdún 1895 ni Aaron Dennison kú ní Birmingham. Ọmọ ọdún 82 ni. Kò padà lọ máa gbé ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní baba iṣẹ́ aago báyìí.

Waltham ṣe aago títí di ọdún 1957. Lápapọ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù lọ́nà ogójì aago àti àwọn ohun èlò mìíràn ló ti ibẹ̀ jáde. Ilé iṣẹ́ náà ṣì wà létí odò Charles, ṣùgbọ́n ilé gbígbé àti ọ́fíìsì ló ti dà. Iléeṣẹ́ kéèsì Dennison ní Birmingham kógbá sílé lọ́dún 1967.

Nítorí náà, kò sí ilé iṣẹ́ kankan mọ́ tó ń rọ páàtì tuntun fún àwọn aago wọ̀nyí bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó kú ló ń bọ́ èyí tó wà láàyè. Bí páàtì inú ọ̀kan ṣe lè wọ inú èkejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ni ohun tí ọmọ aṣebàtà láti Freeport ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ná an ní iléeṣẹ́ rẹ̀, ó ná an ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n aago náà ṣì ń lọ.